Igbe Kọ̀ǹpútà Mi ní Gulfton

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Houston, kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni mo fi ń kàwé nọ́ọ̀sì nínú apartment mi ní àdúgbò Gulfton. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò kan, mo tàn án, ojú rẹ̀ dúdú, ó kàn ń ké pí-í-ì, pí-í-ì. Mo pe màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà ní agbègbè Clear Lake.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kọ̀ǹpútà mi ti kú."

"Òkú kì í ké. Gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́."

Wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n ní ètò kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yà ara rẹ̀ wò kó tó jí. Èyí tí kò bá rí, yóò fi igbe sọ. Mẹ́mọ́rì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, ni tèmi ò rí.

Wọ́n ní kí n yọ wáyà iná, kí n ṣí i, kí n yọ mẹ́mọ́rì náà, kí n nù ún, kí n tì í padà dáadáa. Wọn ò kúrò lórí fóònù títí mo fi ṣe é tán. Mo tàn án. Ó ké ṣókí lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Ara rẹ̀ ti pé nìyẹn. Lọ ṣe ìdánwò ẹ."

Mo yege. Ìgbà tó yá ni ọmọ wọn sọ fún mi pé inú mọ́tò ni wọ́n wà láàárọ̀ yẹn, níwájú ọ́fíìsì, tí ìpàdé wọn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ò sọ ọ́ rí. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.