Ológbò Tó Kọ Oúnjẹ Agolo

Oúnjẹ ológbò inú agolo ní òórùn kan tí mi ò lè gbàgbé. Láràárọ̀, kí oòrùn tó wọ àgbàlá ilé wa ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ á ṣí agolo kan fún ológbò rẹ̀, òórùn náà á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa níbi tí Mọ́mì ti ń din àkàrà. Ológbò náà sanra débi pé ikùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Dádì á jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì tó ti tutù, wọn á máa wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí Dádì ti ń bá wọn rọ irin ti kógbá sílé, Dádì tó máa ń fi orin jí wa sì ti di ẹni tó ń wo ológbò.

Ọmọ apẹja ni Dádì, láti Ẹ̀pẹ́. Ọmọ ọdẹ ni Mọ́mì, láti Ìgbòho. Bọ̀ọ̀dá Wálé, àbúrò Dádì, ń pè wá láti Marghera pé iṣẹ́ wà nílé ìkẹ́rùsí, pé ká máa bọ̀. Dádì ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ò tún wọ ilé tí kò ní fèrèsé láti ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé àwọn fẹ́ kó wa lọ síbi tí èèyàn ti lè pẹja, kó sì tún rí ẹran ìgbẹ́ pa. Mọ́mì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Permesso wa, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ti ń parí lọ, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe bí kò ṣe contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Nítorí náà Mọ́mì fún Dádì ní gbèdéke. Kí ilé ìwé tó wọlé, kí wọ́n fi ibi kan tí oúnjẹ ò ti ní wọ́n wa, tí iṣẹ́ gidi sì wà, han àwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Marghera yá.

Bàbá tó bí Dádì ló kọ́ wọn bí apẹja ṣe ń yan ibùdó. Wọ́n ní èèyàn kì í bi apẹja bóyá ẹja wà lódò rẹ̀, torí irọ́ ni yóò pa. Bí ẹja bá pọ̀, á ní kò sí, kí o má baà wá bá òun pín in. Bí kò bá sí, á ní ó pọ̀, kó lè rí ẹni ta ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó fún. "Ológbò rẹ̀ ni kí o wò," ni bàbá àgbà máa ń wí. "Níbi tí ológbò bá ti yó, sọ ẹrù kalẹ̀." Àwọn ará ilé Mọ́mì náà ní tiwọn. Egungun ni wọ́n máa ń wò: abúlé tí ajá bá ti fi egungun tó ṣì lẹ́ran lára sílẹ̀, tó lọ sùn, ẹran ń bẹ nígbó ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin kiri lọ́jọ́ ìsinmi, tí à ń wo ológbò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò rí èyí tó rù. A rí wọn létí odò ní Padova, a rí wọn ní Mantova, gbogbo wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ìrọ̀rí. Dádì á ní ibí dára, a ó yíjú sápá kejì, a ó rí agolo. Lọ́jọ́ kan Mọ́mì ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n ní, "Bàbá Títí, agolo ló ń bọ́ àwọn ológbò yìí. Ẹ kúkú jẹ́ ká kó lọ sí supermercato." Mo rẹ́rìn-ín títí. Dádì ò rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ìtìjú mú wọn.

Ó wá kan ti Mọ́mì. Ọ̀rẹ́ Dádì kan tó ń ká èso ní Saluzzo mú wa gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Láti Torino, àwọn òkè yẹn jọ àwòrán. Nígbà tí mo dúró sí ìdí wọn, mo di aṣọ Mọ́mì mú. Lójijì, ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan jáde, ó sọdá ọ̀nà níwájú wa pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ abilà-lára. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, omijé sì bọ́ lójú wọn. Ní abúlé tó wà lókè, ajá sùn ti egungun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni ajá náà ṣàlàyé fún wa pé ìbọn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ìwé àṣẹ ní ìdánwò, ọdẹ sì ní àkókò. Ọ̀rẹ́ Dádì náà ní inú àgọ́ làwọn ń sùn, pé bí èso bá ti tán lórí igi, iṣẹ́ tán nìyẹn. Mọ́mì wo òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní ẹran wà, àyè ni kò sí.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé ni Dádì sọ pé ká tẹ̀lé odò. Odò Po gba ẹ̀yìn ilé wa ní Torino kọjá, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Mọ́mì máa ń sọ pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Èyí tiẹ̀ ti ń ṣàn kọjá wa lójoojúmọ́ láti ọdún yìí wá, a ò bi í léèrè. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Rovigo, a wọ bọ́ọ̀sì, a bọ́ sílẹ̀ níbi tí odò náà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju omi lọ. Ògiri erùpẹ̀ gíga ni wọ́n fi dá odò dúró, nítorí náà à ń rìn lọ lójú títì, ọkọ̀ ojú omi sì ń kọjá lókè orí wa. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bo omi kan lápá ọ̀tún, wọ́n sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Dádì bọ́ bàtà wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí wọn láìwọ bàtà níta rí.

Ẹ̀bá ilé apẹja àgbàlagbà kan, Signor Bruno, la jókòó sí láti sinmi. Ológbò kan wà lórí ògiri erùpẹ̀ náà, ó kọjú sí odò. Agolo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí mo ṣe retí, wọ́n sì ti da oúnjẹ inú rẹ̀ sínú abọ́. Mọ́mì mí kanlẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ abọ́ náà. Oúnjẹ náà kún, ó ti gbẹ, èèrà ti bò ó, ológbò náà ò sì wẹ̀yìn.

"Papà, guarda," ni mo wí, "non lo vuole."

Dádì lóṣòó ti abọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pe Mọ́mì pé kí wọ́n wá wo ológbò tí kò fẹ́ oúnjẹ agolo. Ibi tí wọ́n lóṣòó sí ni ọkọ̀ Signor Bruno bá wọn. Ológbò fò dìde. Bàbá náà ń fa àwọ̀n, apá rẹ̀ ò ká a, Dádì sì wọ omi lọ ràn án lọ́wọ́ tàwọn ti ṣòkòtò. Ohun tí wọ́n fà jáde, àrọ̀ ni, ṣùgbọ́n irú àrọ̀ wo? Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko, Dádì ní kí n dùbúlẹ̀ tì í. Ó gùn jù mí lọ fíìfíì, orí mi ìbá sì wọ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò fẹ́ dìde.

Signor Bruno ní siluro ni, pé àwọ̀n ló ń bà jẹ́, pé àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ ẹ́, òun fẹ́ lọ sin ín. Dádì ní kí ó tún un sọ. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n fi eérú pa ara ẹja náà tó ń yọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ún. Ọwọ́ tó ti ń di ife tíì tútù mú láti ìgbà yìí wá ń lọ, ó ń bọ̀, kò ṣàṣìṣe. Orin ń jáde lẹ́nu wọn. Mo wo bàbá mi bí ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ojú sì ń tì mí láti wò wọ́n tààrà.

Ata rodo kì í wọ́n nínú báàgì Mọ́mì. Wọ́n se ọbẹ̀ náà nínú kíṣìnì Signor Bruno. Bàbá náà jẹ ẹ́, ó làágùn, ó nu ojú, ó tún bù sí i. Ó wá ní apá ti ń dun òun, ọmọ òun ti lọ sí Milano, ṣé Dádì lè máa bá òun ṣiṣẹ́ lórí omi, pẹ̀lú contratto. Mọ́mì ni Dádì yíjú sí, gbogbo wa sì yíjú sí Mọ́mì.

Mọ́mì gbé báàgì wọn kúrò lórí itan, wọ́n fi í sílẹ̀. "Bàbá Títí," ni wọ́n wí, "ẹ sọ ẹrù kalẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Signor Bruno fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ilẹ̀kùn ahéré rẹ̀ níbi tí gígùn ẹja náà dé, Dádì sì mú mi dúró tì í. Gbogbo ọdún tí mo fi dàgbà níbẹ̀ ni wọ́n ń mú mi dúró síbẹ̀.

Padova ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo kàwé gboyè níbẹ̀, mo sì ń gbé ilé tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé kò sóhun tó lè yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo lọ kí àwọn òbí mi láìpẹ́ yìí, mo bọ́ bàtà, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, mo nàró gan-an. Dádì fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí, wọ́n wo ìlà náà lókè, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ṣì ń dàgbà.

"Ó kù díẹ̀, Títí," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí àwọ̀n wọn.