Pani Bogna, Ẹni Tó Kọ́ Àwọn Olùkọ́ Ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ yàrá Pani Bogna; Pani ni à ń pe ìyáàfin lédè wa. O lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, o lè jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka, ẹnu ọ̀nà ni wàá ti bọ́ ọ, wàá sì mú sílípáàsì onírun kan nínú apẹ̀rẹ̀ kó o tó wọlé. Bá a ṣe ń ṣe nílé wa náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu níwájú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi yọjú síta, inú sì bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n yí padà.

"Dókítà Seweryn, ẹ má bínú sí àtàǹpàkò yín," obìnrin náà wí. "Òun nìkan ló yọ̀ mọ́ mi láti ìgbà tí ẹ ti dé."

Ọ̀fun mi ló gbé mi débẹ̀. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Lublin níbí, nínú gbọ̀ngàn kan tó fẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń pariwo. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́dọọdún, ohùn mi á ti há. Dókítà tó ń wo ọ̀fun mi ní tí n kò bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n yáa wá iṣẹ́ mìíràn. Èmi! Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré! Ìwọ̀sí gbáà ni mo kà á sí.

Yunifásítì ya yàrá náà sọ́tọ̀ láti máa ran àwa olùkọ́ lọ́wọ́, Pani Bogna Stachurska nìkan ló sì wà níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun, ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹgbẹ́ akọrin ló sì ń kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Ó gbé ìwé ńlá kan lé mi níkùn, ó ní kí n máa mí kí ìwé náà máa lọ sókè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. Mo wò ó dáadáa: ìwé tí èmi fúnra mi kọ ni.

"Mo lọ yá a ní láíbìrì," ó wí. "Wọ́n ní èmi lẹni àkọ́kọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń kọ́ wa kò pọ̀. Kọjú sí ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀. La ẹnu rẹ. Má pariwo. Má gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì. Àwa ará ibí, a ò lẹ́gbẹ́ nínú gbígbé ọ̀rọ̀ mì; ẹni méjì lè dúró nínú òtútù, kí wọ́n jọ tàkúrọ̀sọ títí láìya ètè. Tó bá yá, Pani Bogna á tẹ̀lé ọ dé gbọ̀ngàn, á jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì. Tí ohùn rẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá dé, á kàn máa wò ọ́ ni.

Ohùn mi padà bọ̀ sípò. Roman, tó ń kọ́ kẹ́mísìrì, tó jẹ́ pé pátákó ìkọ̀wé ló máa ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kọ́ bí a ṣe ń yíjú padà. Ligia ti ẹ̀ka òfin náà lọ, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí pierogi gbígbóná, ìyẹ̀fun tí a kì nǹkan sínú sè, wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ọdún mélòó kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olùkọ́ tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo gbé ìgò olú kan lọ fún un, èyí tí ìyàwó mi fi ọtí kíkan sè. Mo kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Mo ṣí i. Ó dúró létí fèrèsé, ó kọ̀yìn sí mi, kẹ́tù tó fi ń se omi tíì sì ń súfèé lórí iná, omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ lọ. "Pani Bogna!" Kò mira. Mo tún pè é, pẹ̀lú ohùn tí òun fúnra rẹ̀ fún mi, èyí tó ń dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kò mira. Mo lọ pa iná. Ìgbà tí mo tẹ pákó ilẹ̀ kan tó ti yẹ̀, tí pákó náà mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ló tó yíjú.

Ó wo kẹ́tù, ó wò mí. Kò purọ́.

"Látìgbà wo?" mo bi í.

"Ó ti pẹ́. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ti ọ̀tún náà ti ń dágbére."

"Báwo lẹ ṣe wá ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn?"

"Tábìlì ló ń sọ fún ọwọ́ mi. Ìyókù, ẹnu yín ni mò ń wò." Ó dì mí lápá mú. "Seweryn, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọ́ ènìyàn ní ohùn tí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ohùn, wọ́n á fún un ní òdòdó, wọ́n á ní kó máa lọlé. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé? Ẹnu ta ni mo fẹ́ máa wò níbẹ̀?"

Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀ mi ò lè ṣe kí n má béèrè. "Bẹ́ ẹ ṣe ní ká kọjú sí yín, ká la ẹnu, ṣé nítorí ọ̀fun wa ni, àbí nítorí etí yín?"

"Níbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀fun yín ni. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: ta ni nínú àwa olùkọ́ ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé nítorí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lòun ṣe ń kọ́ni? Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, a gba igbákejì ọ̀gá yunifásítì tuntun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olgierd Zaremba. Ó ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ lòun máa yẹ̀ wò, èyí tí kò bá wúlò, òun á tì í pa. Ó pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yàrá Pani Bogna, gbogbo àwa tó kọ́ sì lọ. Zaremba kì í ṣe ènìyàn burúkú. Irun ètè rẹ̀ ló pọ̀ bo ẹnu, ìwé iwájú rẹ̀ ló sì máa ń bá sọ̀rọ̀, kì í bá ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó ti Pani Bogna, mo pinnu pé èmi ni màá máa já gbogbo ìbéèrè gbà kí àṣírí má baà tú.

"Pani Stachurska, kí ni yàrá yín wúlò fún gan-an?" Zaremba bi ìwé.

Pani Bogna wo irun ètè yẹn. Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Mo la ẹnu láti dáhùn, ló bá gbé ọwọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ," ó wí. "Etí mi ti di. Ó ti pẹ́. Seweryn mọ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ."

Zaremba ṣí ewé ìwé kan. "Ẹni tí kò gbọ́ràn," ó ń kùn, "báwo ló ṣe fẹ́ máa kọ́ni ní..." Irun ètè gbé ìyókù mì.

Roman ló kọ́kọ́ ṣe é. Ìkángun tábìlì gígùn tí a jókòó yí ká ló wà. Ó nàró, ó kọjú sí i, ó la ẹnu, kò pariwo rárá. "Pani Bogna, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Roman."

"Èmi náà ńkọ́, mà?" Ligia nìyẹn, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Mo gbọ́ yín. Pierogi yẹn ti tutù."

Ẹ̀rín bú. Wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan yípo tábìlì, ó sì ń dá wọn lóhùn. A ò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o. Omi lé ròrò sí mi lójú, n ò sì nù ún. Nínú yàrá tó kún fọ́fọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni Pani Bogna kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Zaremba kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ń wo ẹnu wa láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé èkejì. Ó pa ìwé dé, ó gbé orí sókè, ó kọjú sí i.

"Pani Bogna, ọjọ́ wo ni mo lè wá?"

"Ẹ tún un sọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ gbé ìparí ẹ̀ mì."

Ó fi ìka ti irun ètè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọjọ́ wo ni mo lè wá?"

"Lọ́jọ́rú," Pani Bogna wí. "Kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu o."