Sààrì Tí Kàrímọ́tù Jẹ ní Ọsibítù

Ẹni tó bá gbé àdúgbò Kabawa láyé ọjọ́un, kò lè ní òun ò mọ Kàrímọ́tù. Lóṣù ààwẹ̀, òun ló ń kanlẹ̀kùn kiri kí àwọn ènìyàn lè jí sààrì. Ẹni tó bá sùn fọnfọn, orúkọ baba rẹ̀ ni yóò fi pè é. Ìyàwó tuntun tí kò bá tètè dáná, ó gbé! Ọmọ Ìlọrin ni baba tó bí i, ẹnu rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ láádá ni, kì í gbowó.

Àfi bó ṣe yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Arúgbó kùjọ́kùjọ́! Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní dókítà kan ń bọ̀ láti Kàdúná tí yóò fi irin so egungun náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdùbúlẹ̀ dé nìyẹn. Inú Kàrímọ́tù bàjẹ́. Ta ni yóò wá máa jí Kabawa?

Nígbà tó ku ọ̀la, Janet, nọ́ọ̀sì ọmọ Kàbà tó gba yàrá ní Kabawa, wá kìlọ̀ fún un. "Ọ̀kún o, Màmá. Ẹ má jẹ nǹkan kan mọ́ títí a ó fi ṣe iṣẹ́ abẹ yín tán lọ́la."

Kàrímọ́tù rẹ́rìn-ín. Ṣé ààwẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba òun? Ó kúkú ní ààwẹ̀ méjì tí kò rí gbà lọ́dún tó kọjá. Yóò fi èyí dí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbààwẹ̀ láìjí sààrì? Ó ní kí Mọ̀ríámọ̀ ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ìyá ti fi tùwó àti ẹja odò yó bámúbámú.

Ilẹ̀ mọ́, Janet dé. "Màmá, ẹ ò jẹ nǹkan kan, àbí?"

Mọ̀ríámọ̀ ń ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀ pé kó sẹ́. Kàrímọ́tù wò ó tìkàtẹ̀gbin. "Kí n wà lẹ́nu ààwẹ̀ kí n tún máa purọ́? Mo jẹ sààrì, mo sì yó."

"Yéè!" Janet káwọ́ lérí. "Màmá, bí a bá fi oògùn kun yín lóorun, oúnjẹ yẹn lè gòkè wá dí èémí yín. Ẹ ò bá kú! Òtítọ́ tí ẹ sọ ló yọ yín."

Dókítà bínú, ṣùgbọ́n ó gbà láti ṣe é lọ́jọ́ kejì kó tó padà sí Kàdúná. Janet kò fi ebi pa ìyá o. Nígbà ìṣínu, ó jẹ́ kó jẹun dáadáa, lẹ́yìn náà omi díẹ̀díẹ̀ nìkan. Ó wá gbé àga sẹ́bàá ibùsùn, ó ń ṣọ́ Mọ̀ríámọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Iṣẹ́ abẹ yọrí. Nígbà tí ojú Kàrímọ́tù dá lọ́sàn-án, Janet gbé ògì gbígbóná wá. Ìyá ṣẹ́rí kúrò. "Ààwẹ̀ kejì ni mo wà yìí. Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀."

"Oòrùn wo? Aláìsàn ò gbààwẹ̀, Màmá, ẹ mọ̀ jù mí lọ. Egungun tí kò jẹun kì í jinná. Àbí ẹ fẹ́ kí Kabawa sùn kọjá sààrì lọ́dún tó ń bọ̀?"

Omijé bọ́ lójú Kàrímọ́tù. Ó yanu, ó sì mu ògì náà tán.

Ọdún yípo, ààwẹ̀ dé. Ọ̀pá ń dún kò, kò, kò lẹ́nu ọ̀nà Janet. "Janet! Dìde, jẹun!"

"Màmá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, n kì í gbààwẹ̀ yín!"

"Ta ló bi ọ́? Ìwọ lo fún mi lẹ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ náà ò sì ní fo ilé rẹ kọjá. Mo ní kí o jẹun!"