Obìnrin Tó Tọ́ Àbúrò Mi

Ọjọ́ tí ìyá wa bí àbúrò mi ọkùnrin ni ìyá wa kú. Mo kéré, ṣùgbọ́n etí mi kì í di, kò sì sí ohun tí àwọn àgbà sọ lọ́jọ́ náà tí n kò gbọ́. Ìyá tó bí bàbá wa fẹ́ gbé ọmọ náà wá sílé wa ládùúgbò Gàmbàrí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní rárá o, arúgbó ò lọ́mú, bí fídà tí ọmọ á fi máa mu mílíìkì ò bá sì mọ́ dáadáa, ó lè pa ọmọ. Ilé àwọn ọmọ tí kò níyàá ló yẹ kó lọ.

Ìyá àgbà fárí gá. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo tọ́ bàbá ẹ̀ ni? Ṣó kú ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú ṣì ń ba bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní òpópónà Táíwò. Òun ló bẹ ìyá rẹ̀ títí tó fi gbà. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti ń rìn tó sì ń jẹun fúnra rẹ̀, a ó lọ gbà á padà.

N kò ní purọ́ mọ́ ilé náà. Ó mọ́ ju ilé wa lọ, kò sì sí ọmọ tí ebi ń pa níbẹ̀. Òfin wọn ni n kò fẹ́ràn títí di òní. Ọ̀sán Àlàmísì ni wọ́n gba ẹbí láyè láti wá, ojú fèrèsé la ó sì dúró sí. A ò gbọdọ̀ gbé ọmọ.

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," ni olórí ilé náà sọ fún ìyá àgbà. "Tí ẹ bá gbé e tí ẹ sì lọ, ẹkún ni yóò máa sun."

Gbogbo Àlàmísì ni a ń wọ tasí dé ibùdókọ̀ Challenge, tí a sì ń fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìyá àgbà á gbé ojú lé gíláàsì, á máa ki ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á sì yíjú sí òṣìṣẹ́ obìnrin kan tó máa ń gbé e. Àǹtí ni àwọn ọmọ ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Eléyìí á gbé e sún mọ́ fèrèsé, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á fi juwọ́ sí wa. Ìyá àgbà á máa ṣàdúrà fún obìnrin náà. Ní tèmi, mo kórìíra rẹ̀.

Àbúrò mi ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí a tó mú un wálé. Àwọn àgbà ní ọmọ kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Tiwa, kò ra á lọ́wọ́ rárá. Yóò jókòó ti oúnjẹ títí ẹnì kan á fi ní kó máa jẹ ẹ́. Gbogbo obìnrin ilé wa ló ń pè ní Àǹtí, títí kan ìyá àgbà.

"Èmi Àǹtí? Èmi tí mo bí bàbá tó bí ẹ?" Ìyá àgbà fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó wọ yàrá, mo gbọ́ tó ń fọn imú.

Kò pẹ́ tí obìnrin tó máa ń gbé e wá sí fèrèsé yẹn fi wá kí i. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ra bisikíìtì dání. Ọmọ tí kì í sáré nílé wa sáré pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìyá àgbà fún obìnrin náà lóúnjẹ, ó ṣe é lálejò. Nígbà tí ọmọ sùn lọ lórí itan àlejò náà, ìyá àgbà rọra sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run á fi alùbáríkà sáyé yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Tó bá rí yín tí ẹ sì lọ, ẹkún ni yóò máa sun."

Obìnrin náà lọ, kò sì wá mọ́. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà la ti kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé a ti gba ọmọ wa.

Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilé náà mọ́, kí wọ́n má baà máa pe ọmọ òun ní ọmọ aláìníyàá. Àbúrò mi dàgbà, ó di olùkọ́, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín fún wa pé ó níwà. Ìwà náà pọ̀ jù. Èmi tí mo ń bá gbogbo ayé jà, kò bá mi jà rí. Bí àlejò ṣe ń ṣe nílé onílé ló ṣe ń ṣe nílé bàbá rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Lọ́dún yìí, ìyàwó rẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, àbúrò mi ní kí n mú òun lọ sí ilé náà.

Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó gbogbo ọmọ pọ̀ sí nígbà yẹn. Ilé kéékèèké ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ díẹ̀ àti obìnrin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbà wá lálejò ní àwọn kì í sáré gba ọmọ tó bá ṣì ní ìyá àgbà. Mílíìkì ni àwọn ń gbé lọ bá ìyá àgbà nílé, àwọn sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se fídà. Bí ọmọ kan bá tiẹ̀ ń gbé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá gbé e mọ́ra. Ọjọ́ tó bá sì ń lọ sílé, ẹni tó tọ́ ọ á bá a lọ, á sì máa padà lọ kí i títí ara ọmọ á fi balẹ̀.

Inú bí mi. "Níbo lẹ wà nígbà tiwa?"

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. A ò tíì bí i nígbà náà.

Àbúrò mi kò bínú. Ó ní, "Mo ń wá Àǹtí tó tọ́ mi níbí."

"Kí lorúkọ wọn, sà?"

Kò mọ̀. Ó wo ojú mi, èmi náà kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nílé wa. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kò sí òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn kankan mọ́, láìsí orúkọ, òun ò sì lè wá obìnrin náà kàn.

Nígbà tí a jáde, àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin rí wọn. Báwo lojú wọn ṣe rí?"

Mo ronú títí. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn ni mo máa ń wò, n kò fẹ́ wo ojú obìnrin náà fúnra rẹ̀.

"Ó jọ tìyá wa," ni mo wí.

Irọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.