Ike Inú Ìyá Alágbo

Ní Ìdèrè, bí ojú ẹnikẹ́ni bá ti pọ́n, tí itọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ilé Mùnírátù ni wọ́n máa ń júwe fún un. Egbò òrúwọ àti omidùn ló fi ń se agbo ibà pọ́njú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti mu ún tí ara wọn yá. Nígbà tí ojú tirẹ̀ wá pọ́n lọ́dún 1994, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi ṣe. Ó mu agbo títí, agbo ò ràn án. Ara ń yún un débi pé ṣùkù àgbàdo ló fi ń họ ẹ̀yìn, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó sì rù hangogo.

Àkíbù, àkọ́bí rẹ̀, ló fi tipátipá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò inú dé láti òkè òkun ti rọ́bà gígùn kan tó níná lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó rí i pé jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà ṣàn, ó sì ki ike kékeré kan bọ ibẹ̀, tó ṣófo bí inú bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán. Kò tàn án jẹ.

"Màmá, ọ̀nà la là, a ò yọ jẹjẹrẹ. Ó ti pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó wá. Bí ike yìí bá dí, ojú yín á tún pọ́n."

Kò pẹ́ tí ojú Mùnírátù fi mọ́ kedere. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ìdèrè ní agbo rẹ̀ ló wò ó sàn. Èrò ń wá láti Ayétẹ̀ àti Ìgbó-Ọrà, Rùkáyàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a tajà, kò ráyè jókòó. Mùnírátù dákẹ́. Ta ni ìyìn kì í dùn mọ́?

Àfìgbà tí Gàníyù, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àdúgbò rẹ̀, gbé ojú pípọ́n dé. Mùnírátù bi í bóyá ara ń yún un.

"Ó ń yún mi, Ìyá Àkíbù. N kì í rí oorun sùn."

"Ìgbẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó funfun."

Mùnírátù mọ̀ pé àrùn tirẹ̀ gan-an nìyẹn. "Gàníyù, n ò ní tà fún ọ. Agbo kọ́ ló wò mí. Ike ló wà nínú mi, jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀. Lọ sí Ìbàdàn lọ́la. Tìẹ lè má tíì bàjẹ́ tó tèmi."

Gàníyù wo ojú rẹ̀ tó mọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kàn fẹ́ fún mi ni," ló wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ike dí. Ibà gbé Mùnírátù ṣánlẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún pọ́n. Àkíbù ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Mùnírátù ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé Gàníyù. Ẹ̀rù ikú ń bà á, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn díẹ̀, pé òun ti rí nǹkan tí òun máa fi hàn án. Ọ̀kadà ló gbé e lọ.

Orí ẹní ló bá Gàníyù, egungun lásán, ikùn rẹ̀ wú.

"Wo ojú mi," Mùnírátù sọ fún un. "Ṣé o ti wá gbà mí gbọ́ báyìí?"

Gàníyù wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó nawọ́ sí ìkòkò agbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu ife kan fún un. "Ẹ ti dáwọ́ mímu rẹ̀ dúró, Ìyá Àkíbù, ohun tó fà á nìyẹn. Tiyín náà ni. Rùkáyàt ló ń tà á fún mi látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní ẹ ò tà."

Inú bí Mùnírátù gidigidi. Ó gba ife náà, ó dà á sílẹ̀. Gàníyù ò bá a jà. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá bu òmíràn fún Ìyá.