Àmọ̀dá àti Fódà Àjíǹde

Ẹni tó bá ní òun mọ Olóògbé Àmọ̀dá tó ń tẹ̀wé ní Oju Ore, tí kò mọ ìtàn Àjíǹde, irọ́ ló ń pa. Ọdún Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí Fọlákẹ́, akọ̀wé tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Toll Gate, wá gba ètò ìsìn tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i.

"Ibo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí?" Àmọ̀dá bi í.

"Inú Àjíǹde náà ni, sà. Èmi fúnra mi ni mo fà á síbẹ̀ lánàá, nígbà tí mo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣáà ní ẹ ti ṣí àyè sílẹ̀ fún ọdún wa."

Àjíǹde tí Fọlákẹ́ rí lójú kọ̀ǹpútà, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ ń bọ́ sí ni, àràárọ̀ ni Àmọ̀dá sì ń dà á nù.

Àtìgbà tó ti ra kọ̀ǹpútà tó ní Windows tuntun, tó rí i pé ó ń kọ Yorùbá tàmìtàmì, ni orí ẹ̀ ti wú. Kò jẹ́ kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan kù lójú ẹ̀. Fódà iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì di Làálàá, ti ìwé ìgbéyàwó di Ẹ Bá Mi Yọ̀. Ṣótúndé, aládùúgbò ẹ̀ tí òun náà ń tẹ̀wé, ní kó pe apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ní Ààtàn.

"Ohun tó bá dé ààtàn ti lọ nìyẹn," Àmọ̀dá ní. "Èyí tó bá wọ ibí, mo lè ní kó dìde, á sì dìde. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kọ̀ǹpútà tìẹ ò gbọ́ ju èdè kan lọ, má fi ṣe ẹgbẹ́ tèmi."

Ṣùgbọ́n èyí tó ti dà nù láàárọ̀ ọjọ́ náà ò dìde. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí ìwé tó sọnù ni wọ́n fi lé akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Àmọ̀dá ní kó lọ gbé ìwé tó fi ọwọ́ kọ wá. Ó ń kà á, Àmọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò sinmi.

"Ẹ fi àmì sílẹ̀, sà, a ti pẹ́."

"Kí ẹnì kan wá ka 'jíǹ' tó wà nínú 'Àjíǹde' ní 'jìn'? Ṣé inú kòtò lẹ fẹ́ kí Olúwa yín wà ni?"

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Pásítọ̀ Adébọ̀wálé fi wọlé, tó ń béèrè ohun tó dá ètò dúró. Kí Fọlákẹ́ tó la ẹnu, Àmọ̀dá ti dìde.

"Èmi ni mo dà á nù, sà. Orúkọ tí mo sọ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ṣi ọmọ yín lọ́nà. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Olúkẹ́mi ìyàwó Àmọ̀dá wà níbẹ̀. Ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ kí ọkọ ẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi rí.

"Ẹ yí orúkọ yẹn padà," Pásítọ̀ ní.

"Mo gbà pé mo jẹ̀bi, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn bá a mu."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kó tó di ọ̀la, gbogbo Oju Ore ti gbọ́, wọ́n sì fi Àmọ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú.

Níbi fídáù ẹ̀, Fọlákẹ́, tó ti di ọ̀gá ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kúnlẹ̀ ti Olúkẹ́mi.

"Mà, ọkọ yín mọ̀ pé wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ó gbà kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa lé mi. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an ni."