Tùràrí Àlhájà Qúdrát

Ní gbogbo Brandywine, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ilé tí wọ́n ti ń sun tùràrí tó ilé Àlhájà Qúdrát, bẹ́ẹ̀ imú Àlhájà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan. Àìsàn kòrónà ló pa imú náà, díẹ̀ ló kù kó pa òun alára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kettering ló ti ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò sì fi arúgbó lé obìnrin tí kò lè mọ̀ bí bàbá bá ti yàgbẹ́ sára lọ́wọ́? Ńṣe ló ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń yìn ín pé ó láájò.

Lẹ́yìn ikú Nọ́fíù ọkọ rẹ̀, òun nìkan ló lọ wo ilé tó fẹ́ rà. Ilé tuntun ni, ó sì dínwó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Àlhájà ní àdúrà òun ló gbà. Lẹ́yìn ọgbà, tí èèyàn bá kọjá àwọn igi díẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń fọ omi ìdọ̀tí tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ibòmíràn ṣàn wá.

Àwọn obìnrin àsàlátù a máa wá sílé Àlhájà ní ọjọ́ Àìkú. Kò sí èyí tó ń wá lọ́wọ́ òfo: tùràrí Mẹ́kà, tùràrí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n rà ní Baltimore. Kí ìdí wọn tó kan ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ní kí Àlhájà tan díẹ̀ sí i. Inú rẹ̀ a dùn. Ó ní ìfẹ́ ni.

Anna nìkan ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Suitland, iwájú ilé Àlhájà gan-an lòun àti Ethan ọkọ rẹ̀ tó ní ikọ́ fée ń gbé. Lọ́jọ́ tí Àlhájà kó dé ló ti sọ fún un pé òórùn àdúgbò náà yóò pa àwọn. Irú tí Àlhájà ń sè lọ́wọ́ ni Àlhájà rò pé ó ń bú. Láti ọjọ́ náà, Àlhájà kò kí i mọ́. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, nítorí ẹni tó gbé e wá kò mọ bí a ṣe ń polówó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kọ́ táńkì kún táńkì, wọ́n pe ará àdúgbò sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Anna béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà àwọn ni ìgbẹ́ gbogbo èèyàn ń wá sùn, tí ẹni tó ń yà á kì í sì í gbé nítòsí. Ọkùnrin tó ṣojú ilé-iṣẹ́ dáhùn pé kò síbi tí èèyàn kò sí. Àlhájà dìde. Ó mọ̀ pé imú òun ti kú, ṣùgbọ́n imú àwọn ọ̀rẹ́ òun yè, òun sì gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Ó ní, "Ilé mi ló sún mọ́ ọn jù. Láti ọjọ́ tí mo ti kó débẹ̀, àlejò kan ò tíì wọlé mi kó ní ó ń rùn. Wáláì."

Àdíját, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú àsàlátù, tó fi ọkọ̀ gbé e wá, ń wo inú báàgì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àlhájà yìí ni wọ́n kà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí táńkì. Imú tó yè kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́, èyí tó kú ni wọ́n gbà gbọ́!

Lọ́dún kejì, táńkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ooru sì mú. Áńbúláǹsì gbé Ethan lọ, kò padà wálé. Dókítà kò sọ pé òórùn ló pa á. Anna ní òun kò nílò dókítà láti sọ ọ́.

Àlhájà kò lè máa bínú sí opó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun àti Àdíját lọ kí Anna. Anna kò pariwo. Ó kàn bi Àlhájà bóyá kò gbọ́ òórùn náà ni. Àlhájà jẹ́wọ́ pé imú òun ti kú. Anna ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àlhájà yíjú sí Àdíját.

"Àdíját, ṣé ilé mi ń rùn?"

"Àlhájà, ẹ má bínú. Àgbà ni yín. Báwo la ṣe fẹ́ jókòó sí parlour yín ká wá sọ pé ó ń rùn? Kí lẹ rò pé a ń gbé tùràrí wá fún?"

Anna kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú Àlhájà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àlhájà gba ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà lọ láti lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹyin lohùn, èyí ti fọ́, orí Ethan ló sì fọ́ sí. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí Àlhájà jẹun dáadáa mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ àsàlátù pé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bẹ àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún òun, ṣé ó ń rùn? Olúkúlùkù wolẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, Àlhájà." Wọ́n na tùràrí sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, kò tan ọ̀kan. Ó ṣí gbogbo fèrèsé ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fa ìbòrí wọn bo imú díẹ̀díẹ̀, títí dórí Àdíját, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Àlhájà tó mọ bí ó ṣe ń rùn tó.